Street Fighter III, Garou, Tekken 3 àti Guilty Gear Xrd: Ìfiwéra fún Ẹni tó Fẹ́ Yan Géèmù Ìjà Ilẹ̀ Jàpáànì

Nígbà tí ènìyàn bá ń wá géèmù ìjà ilẹ̀ Jàpáànì tí yóò rà, ohun méjì ló sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn lójú rẹ̀: bí òkìkí géèmù náà ṣe kàn tó, àti bí àwòrán inú rẹ̀ ṣe ń rìn dáadáa tó. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé èyí tí gbogbo ayé ń gbá náà ni yóò jẹ́ èyí tí wọ́n yà dáadáa jù lọ. Ìtàn àwọn géèmù wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Géèmù tí mo gbà pé ìrìn àwòrán rẹ̀ dára jù lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà kò rí èrò tó pọ̀ nígbà tó jáde, àwọn mìíràn tí àwòrán wọn kò sì tó tirẹ̀ ló gba ìgboro. Nítorí náà, mo fẹ́ fi mẹ́rin lára wọn wé ara wọn, kí ẹni tó fẹ́ yan lè mọ ohun tí yóò rí gbà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ohun tí kò níí rí níbẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ojú wò

Street Fighter II, tí ilé-iṣẹ́ Capcom gbé jáde ní 1991 fún àwọn ẹ̀rọ géèmù olówó ẹyọ, ni gbogbo wọn ti fa ìlànà yọ. Ọ̀pá ìdarí kan, bọ́tìnì mẹ́fà, ènìyàn méjì tí wọ́n dúró ti ara wọn níwájú ẹ̀rọ kan ṣoṣo: bí ìjà ṣe rí nínú ilé géèmù láti ìgbà náà nìyẹn. Nígbà tó dé orí ẹ̀rọ Super Nintendo ní 1992, iye tó tà ju mílíọ̀nù 6 lọ. Síbẹ̀, àwòrán rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Ẹ̀ṣẹ́ kékeré kan lè má ju àwòrán méjì tàbí mẹ́ta lọ. Òkìkí rẹ̀ kò ti ibi ìrìn àwòrán wá, bí kò ṣe ibi ìjà fúnra rẹ̀ àti àwọn oníjà tí ènìyàn kì í gbàgbé bí ó bá ti rí wọn lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ dá ìrìn àwòrán géèmù ìjà lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ni àwòrán ń ṣe níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ojú ẹ̀rọ ń yí padà ní nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń pè ní fírémù. Ìkọlù kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ìgbà tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń jáde, ìgbà tí ó lè ba ọ̀tá, àti ìgbà tí ó ń padà sí ipò rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kékeré lè dé ara ọ̀tá láàárín fírémù mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré. Ẹni tó ń ya àwòrán fún sinimá lè fara balẹ̀ fi hàn pé ọwọ́ fẹ́ jáde kí ó tó jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yà á fún géèmù ìjà kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó tẹ bọ́tìnì fẹ́ rí ẹ̀ṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Ibi tí ayàwòrán ti lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn ni ìgbà tí ọwọ́ ń padà, tí aṣọ ṣì ń fẹ́, tí irun ń jábọ̀ sí àyè rẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò nínú géèmù yòówù tí ẹ bá fẹ́ rà, nítorí pé ibẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ ń bá jà ti ń mọ̀ bóyá àyè ti ṣí sílẹ̀ fún òun láti kọlù yín.

Capoeira méjì ní ọdún kan ṣoṣo: Street Fighter III àti Tekken 3

Bí a bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà àti àwòrán 3D, kò sí ibi tó ṣe kedere tó ti oníjà méjì tí wọ́n jáde ní ọdún kan náà, tí wọ́n sì ń ja irú ìjà kan náà. Ní 1997 ni Capcom mú Elena, ọmọbìnrin ará Kẹ́ńyà, wọ inú Street Fighter III. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Namco mú Eddy Gordo, ọmọ Brasil, wọ inú Tekken 3. Capoeira ni àwọn méjèèjì ń jà, ìjà alárinrin tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brasil dá sílẹ̀ níbẹ̀, tí ijó àti ìlù kò sì kúrò nínú rẹ̀ títí di òní.

Bí Elena bá wà lórí ìdúró, tí ẹni tó ń darí rẹ̀ kò tẹ bọ́tìnì kankan, ara rẹ̀ kì í dúró. Ìbàdí rẹ̀ a kọ́kọ́ yí, èjìká a tẹ̀lé ìbàdí, apá a wá fì tẹ̀lé èjìká, irun funfun orí rẹ̀ a sì kẹ́yìn gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ọwọ́ ya àwọn àwòrán wọ̀nyẹn, wọ́n sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Elena kì í kan ẹ̀ṣẹ́ rárá. Bọ́tìnì tí àwọn yòókù fi ń lo ọwọ́, ẹsẹ̀ ni òun fi ń dáhùn, ẹsẹ̀ náà gùn, ó sì ń yí bírí kí ó tó balẹ̀. Mo ti wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù ìjà láti ìgbà náà, n kò sì tíì rí ìdúró oníjà kankan tó tó tirẹ̀.

Ara ènìyàn gidi ni ti Eddy ti wá. Namco pe Marcelo Pereira, ọ̀gá capoeira ọmọ Brasil, wọ́n fi ẹ̀rọ gba bí ara rẹ̀ ṣe ń rìn sílẹ̀, wọ́n sì gbé ìrìn náà wọ Eddy. Ohun tí èyí mú wá ni òtítọ́ ara: ọwọ́ ń tẹ ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí ilẹ̀, ìwúwo ara ń kúrò ní apá kan lọ sí apá kejì, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń rí ní pápá. Ohun tí kò sì mú wá ni ẹwà àwòrán fúnra rẹ̀, nítorí pé ojú Eddy àti ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣì dà bí igi gbígbẹ́ ní 1997, ibi tí ìkọlù kan sì ti so mọ́ òmíràn, ẹ̀rọ ló ń fi ìṣirò dí àyè náà, ojú tó bá mọ̀ ọ́n wò yóò rí i.

Bí ó bá jẹ́ ti ìrìn àwòrán nìkan, Street Fighter III ni mo yàn, n kò sì ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n Tekken 3 ni ayé yàn, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti rí. Ẹ̀rọ System 12 tí Tekken 3 ń lò nínú ilé géèmù àti ẹ̀rọ PlayStation, ìdílé kan náà ni wọ́n. Nígbà tí Namco fẹ́ gbé e wọlé fún àwọn ènìyàn ní 1998, ọ̀nà ti là sílẹ̀, iye tó tà lórí PlayStation sì ju mílíọ̀nù 8 lọ. Bọ́tìnì mẹ́rin péré ló ní, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, méjì yòókù fún ẹsẹ̀ méjèèjì, débi pé ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan lè yan Eddy, kí ó máa tẹ bọ́tìnì ẹsẹ̀ ṣáá, kí ó sì na ẹni tó ti ń gbá géèmù náà tipẹ́. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, níbi tí ẹ̀rọ olówó ẹyọ kò ti wọ́pọ̀, nínú àwọn ilé géèmù tí wọ́n to PlayStation sí ni ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò ti mọ irú ìjà yìí, Tekken 3 sì wà lára èyí tí a mọ̀ jù lọ.

Street Fighter III ní tirẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ CPS-3, tó wọ́n, tí ó sì le láti tọ́jú. Orí CD ni géèmù náà ń bọ̀ kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ, káséètì ààbò tí wọ́n fi ń ṣí i sì ní bátìrì nínú. Bí bátìrì náà bá kú, géèmù kò níí ṣí mọ́. Géèmù mẹ́fà péré ni Capcom ṣe fún ẹ̀rọ náà títí wọ́n fi pa á tì. Àwọn oníjà tí ènìyàn ti mọ̀ látẹ̀yìnwá, Ryu àti Ken nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá, àwọn tó fẹ́ràn Guile tàbí Chun-Li sì wọlé, wọn kò bá a níbẹ̀, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà tí 3rd Strike, ẹ̀dà kẹta Street Fighter III, jáde ní 1999 ni Chun-Li tó padà. PlayStation kò ní agbára tó láti gbé àwọn àwòrán náà, nítorí náà Dreamcast, ẹ̀rọ géèmù ilé ti Sega, ni àwọn ará ilé fi kọ́kọ́ rí i.

Ohun tó dá òkìkí 3rd Strike padà kò ṣẹlẹ̀ títí di 2004, níbi ìdíje Evo ní Amẹ́ríkà. Daigo Umehara, ọmọ Jàpáànì, ń lo Ken, ẹ̀jẹ̀ tó kù fún un kò sì ju bíńtín lọ. Justin Wong, ọmọ Amẹ́ríkà, tó ń lo Chun-Li, sì da ìkọlù ńlá tí ó jẹ́ ìpá 15 tẹ̀léra wọn bò ó. Nínú géèmù yìí, ẹni tó bá ti ọ̀pá ìdarí síwájú gan-an ní àsìkò tí ìkọlù dé yóò gbá a dànù láì farapa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì í yóò jẹ ẹ́. Daigo gbá gbogbo 15 náà dànù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣẹ́gun. Ó ti kọ́ àsìkò wọn sórí, lóòótọ́. Síbẹ̀ mo gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè wáyé nínú géèmù tí ìrìn àwòrán rẹ̀ rú ojú. Ìpá kọ̀ọ̀kan tí Chun-Li ta ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, gbogbo àwọn èrò tó wà nínú gbọ̀ngàn náà sì ń bá wọn kà á.

Àwọn ọmọ SNK: Garou àti The King of Fighters '98

Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tó lágbára, tó sì fẹ́ àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ SNK ni kí ó kọjú sí. Takashi Nishiyama, tó darí Street Fighter àkọ́kọ́ ní 1987 fún Capcom, ló lọ bá SNK tó sì dá Fatal Fury sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1991, nítorí náà ìdílé méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín SNK àti Capcom wà nínú ẹ̀rọ. Láti 1990 ni SNK ti ń lo ẹ̀rọ Neo Geo MVS, tí wọ́n ń ki káséètì bọ̀. Ẹ̀rọ kan lè gba káséètì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ìjà tuntun bá sì jáde, káséètì nìkan ni onílé géèmù yóò pààrọ̀. Owó tí èyí ń dín kù ló jẹ́ kí The King of Fighters tàn káàkiri Mẹ́síkò, Brasil àti Ṣáínà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó dàgbà sí àwọn ibẹ̀ lè mọ Kyo àti Iori, àwọn oníjà inú rẹ̀, ju Ryu lọ. The King of Fighters '98 ni wọ́n fẹ́ràn jù lọ nínú wọn, ìdí sì wà fún un: oníjà mẹ́ta mẹ́ta ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wá, àwọn oníjà tí ènìyàn lè yàn ju 30 lọ, ìjà rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n tó dára. Àwòrán rẹ̀ mọ́, ó sì yára, ṣùgbọ́n kò pọ̀. SNK ń gbé The King of Fighters kan jáde lọ́dọọdún nígbà náà, wọn kò sì lè tún gbogbo oníjà yà, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwòrán kan náà ni wọ́n ń lò láti ọdún dé ọdún.

Garou: Mark of the Wolves, géèmù inú ìdílé Fatal Fury tó jáde ní 1999, ló fi hàn bí ọwọ́ àwọn ayàwòrán SNK ṣe mọ iṣẹ́ tó nígbà tí wọ́n bá fún wọn ní àyè. Nínú gbogbo àwọn oníjà Fatal Fury, Terry Bogard nìkan ni wọ́n mú wá, wọ́n tún un yà pátápátá, wọ́n bọ́ fìlà pupa rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi Rock Howard tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó tọ́ dàgbà. Bí Rock bá na ọwọ́ tán, ẹ wo jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀: apá rẹ̀ ti padà, aṣọ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Orí ẹ̀rọ tó ti wà láti 1990 ni wọ́n ti ṣe èyí, ní ọdún kan náà tí 3rd Strike jáde lórí ẹ̀rọ tó lágbára jù ú lọ fíìfíì. Mo fi Garou sí ipò kejì lẹ́yìn 3rd Strike nítorí iye àwòrán, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti kí ènìyàn fi ohun díẹ̀ ṣe ohun ńlá, Garou ló lékè. Òkìkí kò bá a lákòókò, nítorí pé gbèsè ti wọ SNK lọ́rùn, ilé-iṣẹ́ náà sì wọko gbèsè ní 2001. Ọdún 2025 ni wọ́n tó gbé ìtẹ̀síwájú rẹ̀, Fatal Fury: City of the Wolves, jáde.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Virtua Fighter

N kò fi Virtua Fighter sínú àwọn mẹ́rin náà, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a fò ó. Yu Suzuki àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Sega ló gbé e jáde ní 1993, òun ló sì ṣí ilẹ̀kùn 3D fún gbogbo géèmù ìjà tó tẹ̀lé e. Virtua Fighter 2 ti 1994 ń rìn ní fírémù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá, ó sì gba àwọn ilé géèmù Jàpáànì kan. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìjà tó súnmọ́ ìjà gidi, tí kò sì bìkítà fún iná àti mànàmáná, lè wá Virtua Fighter 5 R.E.V.O., tó dé orí kọ̀ǹpútà ní 2025.

Guilty Gear Xrd: 3D tó kọ̀ láti jọ 3D

Ilé-iṣẹ́ Arc System Works ti ń fi ọwọ́ ya Guilty Gear tipẹ́. Guilty Gear X ti 2000 ní àwọn oníjà tí ìlà ara wọn mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n gbé Guilty Gear Xrd wọ ilé géèmù ní 2014, orí Unreal Engine 3, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ni wọ́n ti ṣe é, gbogbo oníjà inú rẹ̀ sì jẹ́ 3D, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ yóò búra pé bírọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi yà wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ṣe é yẹ ní kíkọ́ fún ọ̀dọ́ wa yòówù tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán. Kọ̀ǹpútà máa ń fẹ́ fi ìṣirò dí àyè tó wà láàárín ìdúró kan àti èkejì, kí ìrìn náà lè máa yọ̀ lọ geere. Àwọn ará Arc System Works kò gbà fún un. Wọ́n to ara oníjà sí ìdúró kan, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún fírémù méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n sì fò bọ́ sí ìdúró tó kàn, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣí àwòrán lórí ìwé. Oníjà kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, wọ́n sì ń ti ìmọ́lẹ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún láti ìdúró kan dé òmíràn kí òjìji lè bọ́ sí ibi tí ayàwòrán ì bá yà á sí. Bí ẹ̀ṣẹ́ oníjà tó ń jẹ́ Sol Badguy bá ń bọ̀ wá sí iwájú, wọ́n a mú kí ọwọ́ náà tóbi ju bó ṣe yẹ lọ fún fírémù díẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ayàwòrán ṣe máa ń ṣe. Gbogbo ìṣọ́ra yìí ni wọ́n tún gbé lọ sínú Dragon Ball FighterZ ní 2018 àti Guilty Gear Strive ní 2021, èyí tí ó sì sọ ọ̀nà wọn di mímọ̀ fún gbogbo ayé.

Ohun tí mo rò pé ó kù díẹ̀ káàtó nínú Xrd ni pé iná, èéfín àti lẹ́tà ńláńlá máa ń bo ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò fi níí mọ ẹni tó na ẹnì kan. Ìjà rẹ̀ sì le ju ti Tekken 3 lọ dáadáa.

Èwo ni kí ẹ mú?

Bí ó bá jẹ́ pé ẹwà ìrìn àwòrán ló ń wù yín, tí ẹ sì ṣe tán láti máa bá àwọn díẹ̀ tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú jà, ẹ mú 3rd Strike. Ó wà nínú àkójọ ọgbọ̀n ọdún Street Fighter tí Capcom gbé jáde ní 2018 fún PlayStation 4, Xbox One, Switch àti kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lágbára, tí dátà sì jẹ́ ohun tí ẹ ń ṣọ́ ná, Garou àti The King of Fighters '98 kò gba àyè, wọ́n sì wà lórí Steam, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán 3D kò gbọ́dọ̀ fo Guilty Gear Xrd, kódà bí kò bá fẹ́ jà rárá.

Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ óò máa bá jà ló jẹ yín lógún jù, ọ̀rọ̀ náà yí padà, nítorí pé géèmù ìjà láìsí alátakò kò ní ìtumọ̀. Tekken 3 ṣì dára fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n jọ jókòó sójú kan. Fún ìdíje àti ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, Street Fighter 6 ti 2023 àti Tekken 8 ti 2024 ni èrò wà. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún Street Fighter 6 níbi Evo ti 2023 ju 7,000 lọ. Ìrìn àwòrán wọn dára, wọn kò kàn ní ọwọ́ ayàwòrán nínú bíi ti àwọn àtijọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ibi tí ilé géèmù pọ̀ sí nìkan ni akọni ti ń jáde: ní 2019 ni Arslan Ash, ọmọ Pakistan, gba Evo Japan àti Evo ti Amẹ́ríkà nínú Tekken 7.

Ẹni tó bá mú 3rd Strike tàbí Garou gbọ́dọ̀ tún ṣe ohun kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ìbú wọn jẹ́ 4 sí gíga 3 ni wọ́n ṣe wọ́n fún, àwòrán wọn kò sì ju 384 × 224 lọ fún 3rd Strike àti 320 × 224 fún Garou. Ẹ wọ inú ètò géèmù náà, kí ẹ dá ìwọ̀n ojú rẹ̀ padà sí 4:3, kí ẹ sì pa àṣàyàn tó ń ra ojú àwòrán pọ̀ kí ó lè dán. Bí wọ́n bá na Elena kún ojú tẹlifíṣọ̀n gbọọrọ, ìbàdí rẹ̀ yóò fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kúrú, ìlà ara tí ayàwòrán fara balẹ̀ fà yóò sì pòórá.